Ẹ gbà mí o, àwọn ìyá Ìgbọ̀nà ń bèèrè sola lọ́wọ́ màmá mi

Àbẹ̀kẹ́, Leeds:
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má bínú pé òru ni mò ń kọ ọ́, mi ò rí oorun sùn ni. Ẹ mọ̀ pé PhD mi dá lórí iná sola àti àwọn oníṣòwò kéékèèké lÓṣogbo, àwọn télọ̀, onídìrí, ẹlẹ́ja tútù, àwọn tó ń ta áìsì. Ọ̀sẹ̀ 3 sí i ni mò ń bọ̀ nílé. Kí àkókò má baà ṣòfò, mo ní kí àbúrò mi ọkùnrin bá àwọn kan sọ̀rọ̀ lọ́jà Ìgbọ̀nà kó gba ohùn wọn sórí fóònù, ó sì gba ti èèyàn 11. Lánàá ni súpáfáísọ̀ mi gbọ́, ojú ẹ̀ yí padà, ó ní ethics mi, ìyẹn ìwé àṣẹ yunifásítì láti bá èèyàn sọ̀rọ̀ fún ìwádìí, ò tíì jáde, mi ò gbọdọ̀ lo ìkankan nínú ẹ̀. Ìyẹn gan-an kọ́ ló ń dùn mí jù. Kí wọ́n lè dá a lóhùn, àbúrò mi sọ fún àwọn ìyá yẹn pé ẹ̀gbọ́n òun ń kó sola bọ̀ láti ìlú òyìnbó. Ní báyìí, àràárọ̀ ni wọ́n ń wá sí ṣọ́ọ̀bù màmá mi wá bèèrè ìgbà tó máa dé. Ìyá kan tiẹ̀ ti ta jẹ́ń ẹ̀. Yunifásítì tún ní kí olúkúlùkù sáìn fọ́ọ̀mù ojú ewé 4 kí n tó bá a sọ̀rọ̀. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Ìbejì, Manchester:
Ó ti ta jẹ́ń ẹ̀?! Àbẹ̀kẹ́, gbé ti yunifásítì tì ná, ìyá yẹn ni kó o pè. Má rán àbúrò ẹ, má rán màmá ẹ, ìwọ fúnra ẹ ni kó o pè é. Mi ò sì bá a wí. Ẹ rántí May 2023 tí wọ́n yọ sọ́bsídì, bí 190 náírà la ń ra líta epo kan, kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí ó ti di bí 500. Ẹni tójú ẹ̀ rí ìyẹn tó wá gbọ́ pé sola ọ̀fẹ́ ń bọ̀, kí lẹ fẹ́ kó ṣe?

Dókítà Òkè-Fíà, Berlin:
Àbúrò, pa ohùn 11 yẹn rẹ́. Ethics kì í bojú wẹ̀yìn níbẹ̀, ohun tí wọn ò fọwọ́ sí kó tó ṣẹlẹ̀, wọn kì í fọwọ́ sí i lẹ́yìn tó ti ṣẹlẹ̀ tán. Kọ lẹ́tà sí súpáfáísọ̀ ẹ lọ́la, kọ ọjọ́ tí wọ́n gbà á, iye èèyàn, fóònù ta ló wà, ohun tí àbúrò ẹ ṣèlérí. Má fi nǹkan kan pamọ́. Èmi fi tèmi pamọ́. Èèyàn 20 péré ni, mo ti bá wọn sọ̀rọ̀ kí lẹ́tà ethics tó dé, mo dà wọ́n mọ́ àwọn yòókù nínú tébù. Lọ́jọ́ tí mo lọ gbèjà ìwé PhD mi ni ìyá kan tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n fi ìka lé ọjọ́ kan lójú ìwé, ó ní lẹ́tà yín ńkọ́? Oṣù 8 ni mo fi tún orí ìwé 2 kọ, owó ilé ń lọ, ìyàwó mi nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Títí dòní, tí mo bá rántí ìka yẹn, ara mi á bù máṣọ.

Àlàbí, Dublin:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fara mọ́ pípa rẹ́ yẹn. Àwọn ìyá yìí pa ọjà tì láti sọ̀rọ̀. Kó padà lọ bá wọn, kó fi ohùn wọn dún fún wọn létí, kó tún tọrọ àyè lọ́tun. Ohùn tiwọn ni, kì í ṣe ti yunifásítì.

Dókítà Òkè-Fíà, Berlin:
Àlàbí, gbé òfin kúrò níbẹ̀ pàápàá, ọ̀rọ̀ yẹn ti bàjẹ́. Ẹni tó gbà pé wọ́n ń pín sola, tó o wá bi í pé báwo ni jẹ́ń ẹ̀ ṣe ń ṣe sí, kí ló máa sọ? Á ní ó ń pa òun lára ni. Torí sola ló ṣe sọ gbogbo ohun tó sọ. Ìwọ fúnra ẹ nígbà táwọn ẹgbẹ́ aláàánú ń wá sí àdúgbò yín, ṣé ẹ kì í gbé àga tó dáa wọlé?

Àlàbí, Dublin:
Ìyẹn yé mi. Àmọ́ kí wọ́n pa ohùn wọn rẹ́ láì sọ fún wọn, ẹ ò rí i pé ìwọ̀sí nìyẹn?

Màmá Fárídà, Houston:
Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ rọra. Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, gbọ́ ohun tó ṣe mí nígbà Master's mi. Mo wọ ọjà Olúòde, mo dúró níwájú ìyá ẹlẹ́ja kan, mo kí i dáadáa, mo ní, "Mà, ìwádìí la wá ṣe." Ìyá yìí gbé ọ̀bẹ tó fi ń gé ẹja sílẹ̀, ó nu ọwọ́ sí ìró, ó ní, "Ìwádìí kẹ̀? Kí ni mo jí?" Kí n tó ṣàlàyé, ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ti ń da àpò bo fírísà, wọ́n rò pé ará NEPA ni mí, àbí àwọn tó ń gba owó orí. Ọjọ́ 3 ni gbogbo ìlà yẹn ò fi dá mi lóhùn. Létí àwọn èèyàn wa, ọlọ́pàá ló ń ṣe ìwádìí. Sọ pé iṣẹ́ ilé ìwé ni, o wá kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ wọn ni. Kó o sì kọ́kọ́ lọ kí Ìyálọ́jà, kì í ṣe lọ́jọ́ tó o fẹ́ bẹ̀rẹ̀ o, ṣáájú.

Ti fọ́ọ̀mù ojú ewé 4 yẹn, ẹni tó bá ní kí ìyá àgbà tẹ̀ka síwèé lÓṣogbo, wọ́n á ní ilẹ̀ bàbá wọn ló fẹ́ gbà. Kọ ọ́ sínú ethics ẹ pé ohùn ẹnu lo máa gbà, ọ̀pọ̀ yunifásítì ń gbà á tó o bá ti sọ ìdí ẹ̀ tó yanjú. Ojú ewé kan ní Yorùbá, o kà á fún wọn, o gba "mo gbà" wọn sílẹ̀, ó yé wọn pé wọ́n lè ní àwọn ò ṣe mọ́ nígbàkígbà. Kí ìlà àkọ́kọ́ pátápátá jẹ́: a ò ní fún yín ní sola, a ò sì ní tà á fún yín.

Àbẹ̀kẹ́, Leeds:
Ẹ ṣé mà. Mo ti kọ ìlà yẹn sílẹ̀ báyìí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Ínjínnìà Ayétòrò, Calgary:
Ẹ jẹ́ kí n bá a sọ ti ìbéèrè, torí ibẹ̀ lèmi ti fara gbá. Mo tẹ ìwé ìbéèrè 60, ìbéèrè kejì ni "èló lẹ ń pa lójúmọ́". Ìdáhùn wo ni mo gbà? "A dúpẹ́." "Ọlọ́run ń ṣe é." "Ọjà ò tà." Ẹni tó ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ní ọjà ò tà! Owó ìwé, owó ọkọ̀, ọ̀sẹ̀ 2, gbogbo ẹ̀ wọgbó. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ránṣọ lÓkè-Baálẹ̀ ló là mí lóye, ó ní bi wọ́n ní líta epo tí wọ́n rà lánàá, aago mélòó ni wọ́n tan jẹ́ń, aago mélòó ni wọ́n pa á, ìgbà wo ni wọ́n pààrọ̀ plọ́ọ̀gì gbẹ̀yìn. Kò sí ìtìjú nínú ìyẹn, kò sí owó orí nínú ẹ̀, wọ́n á kà á fún ẹ bí ẹni ka owó. Ìwọ lo máa jókòó ṣírò ẹ̀ tó o bá délé.

Ìkejì, má da gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ pọ̀. Onígbàjámọ̀ á yin sola títí, torí kílípà àti gílóòbù 2 ò jẹ iná tó nǹkan. Télọ̀ ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n mi yìí fi owó àjọ ra páànẹ́lì àti ínfátà, ẹ̀rọ ìránṣọ ń lọ wàyí, fáànù ń fẹ́, inú ẹ̀ dùn. Lọ́jọ́ tó ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́, ínfátà ké pípípí, gbogbo ẹ̀ kú. Áyọ́ọ̀nù ń jẹ bíi wáàtì 1,000 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ínfátà tó rà ò lè gbé e. Oníbàárà ń dúró, ó sáré gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú jáde, ó ń fẹnu fẹ́ ẹ, eérú fò, ó bà sórí léèsì funfun. Mo wà níbẹ̀. Ó fi ìka méjì mú eérú yẹn bí ẹni mú kòkòrò, kó má baà tẹ̀ ẹ́ wọnú aṣọ, kò mí. Obìnrin yìí ra sola, ó tún ń ra èédú. Tó o bá bi í pé "ṣé ẹ ń lo sola", á ní bẹ́ẹ̀ ni, wàá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti bọ́. Ohun tí sola ò lè gbé fún wọn gan-an ni kó o bèèrè.

Dókítà Òkè-Fíà, Berlin:
Ínjínnìà, ẹ ti kọ orí ìwé kan fún un.

Bàbá Ìbejì, Manchester:
Kó sì wo àsìkò o. Ẹni tó bá bá aláìsì sọ̀rọ̀ nínú Ramadan, á rò pé olówó ni gbogbo wọn. Tó bá wá di August tí àlejò ọdún Ọ̀ṣun kún ìlú, ọjà tún yàtọ̀. Ọyẹ́ sì ni ti eruku orí páànẹ́lì, tí wọn ò bá nù ún, iná á dín kù.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Toronto:
Gbogbo ẹ̀yin ará Òṣogbo, mo kí yín. Sola san-díẹ̀-díẹ̀ tí àwọn òyìnbó ń kọ bébà lé lórí yìí, ta ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀? Àwọn bàbá wa ni! Òṣómàáló! Wọ́n á gbé aṣọ fún ẹ láwìn, tó bá dọjọ́ owó, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ títí wàá fi san. Iléeṣẹ́ M-KOPA ní Kenya ń tà á bẹ́ẹ̀ láti 2012, owó díẹ̀ lójúmọ́ lórí M-Pesa tí wọ́n fi ń sanwó lórí fóònù, ẹni tí kò bá san, wọ́n á ti iná ẹ̀ pa láti ọ̀nà jíjìn. Òṣómàáló tí kò lóṣòó nìyẹn. Àbẹ̀kẹ́, kọ ọ́ sínú iṣẹ́ ẹ pé Iléṣà ni.

Ínjínnìà Ayétòrò, Calgary:
Aṣọ tẹ́ ẹ ń tà láwìn kiri, ta ló pa á láró? Òṣogbo ìlú aró! Ẹ lóṣòó síbẹ̀.

Àlàbí, Dublin:
Ẹ̀yin méjèèjì, Ìbàdàn ni olú iléeṣẹ́ tó ń pín iná fún yín wà. Tá a bá bínú, òkùnkùn ni.

Bàbá Ìbejì, Manchester:
Pípín lẹ ń pín. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ń darí ẹ̀! National Control Centre, ibi tí wọ́n ti ń ṣọ́ iná gbogbo Nàìjíríà, Òṣogbo ló wà, kò sí lÍbàdàn, kò sí nÍléṣà.

Màmá Fárídà, Houston:
Ibẹ̀ ló sì ń dùn mí sí. Nínú October 2024 nìkan, gíríìdì, ìyẹn okùn iná gbogbo Nàìjíríà, wó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àwọn èèyàn tó jókòó nínú ìlú wa ló ń gbé e dìde fún gbogbo orílẹ̀-èdè, ilé ìyá mi lÁlẹ́kùwodò ò sì rí iná. Àwọn tó wà ní Band A gan-an, ìyẹn àwọn tó yẹ kó máa rí iná jù, April ọdún yẹn ni owó iná wọn ti 68 náírà fò dé 225 lórí yúníìtì kan. Mo máa ń rántí alẹ́ ibẹ̀ ṣá. Tó bá ti di bí aago 10, àwọn jẹ́ń á bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan, ti àwọn oníbúrẹ́dì, ti ilé alágbo, ti Alhaji tó wà lókè, èyí tó kẹ́yìn á ṣe kùkùkù kó tó dákẹ́, ìgbà yẹn lèèyàn á tó mọ̀ pé àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ti ń ké látàárọ̀. Níbí, iná kì í lọ, mi ò sì gbọ́ ọ̀pọ̀lọ́ kankan láti ọdún 9.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Toronto:
Àǹtí, ẹ má pa mí lẹ́kún. Yìnyín ló bo ilẹ̀kùn mi báyìí.

Àbẹ̀kẹ́, Leeds:
Mo ti pe ìyá yẹn. Mo sọ gbogbo ẹ̀, pé kò sí sola kankan, pé irọ́ ni àbúrò mi pa, pé èmi ni mo rán an. Ó dákẹ́, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi àdá gé yìnyín lẹ́yìn ẹ̀. Ó wá ní kí n má lu àbúrò mi, pé jẹ́ń ọ̀hún ti ń yọ èéfín tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ní báyìí, inú fírísà aládùúgbò ló ń kó ẹja ẹ̀ sí, ó ń sanwó lórí páálí kọ̀ọ̀kan ní alaalẹ́. Mo sunkún. Ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá ra jẹ́ń míì fún un, ṣé wọn ò ní sọ pé mo sanwó fún ẹni tí mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀? Tí mi ò bá sì rà á ńkọ́?

Ínjínnìà Ayétòrò, Calgary:
Sísanwó lórí páálí yẹn, bí iléeṣẹ́ ColdHubs ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Owerri nìyẹn o, yàrá tútù tó ń lo sola nínú ọjà, àpótí kọ̀ọ̀kan lowó ẹ̀ lójúmọ́. Bèèrè lọ́wọ́ ìyá yẹn èló ni wọ́n ń gbà.

Dókítà Òkè-Fíà, Berlin:
Ti jẹ́ń yẹn, jẹ́ kí n sùn lé e lórí.

Àlàbí, Dublin:
Èmi ní kó rà á. Kó yọ ìyá yẹn kúrò nínú iṣẹ́ náà, kó rà á gẹ́gẹ́ bí ọmọ.

Bàbá Ìbejì, Manchester:
Kó kọ́kọ́ bi súpáfáísọ̀ ẹ léèrè. Màá fi nǹkan díẹ̀ sí i tó bá di rírà.

Màmá Fárídà, Houston:
Àbẹ̀kẹ́, ọjọ́ wo gan-an lò ń lọ? Tó o bá ń bọ̀, bá mi ra àdìrẹ ọ̀pá 2, èyí tí wọn ò tíì fọ̀. Ọ̀rá ni kó o dì í sí, kí òórùn aró ẹ̀ má lọ.