Bátìrì tuntun, ọkọ̀ ò tún stáàtì: ẹ wá sọ tiyín

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi. Corolla 1996 ni mò ń wà n'Íbàdàn níbí, kò yọ mí lẹ́nu tẹ́lẹ̀ àfìgbà tójò bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, tí mo bá yí kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀ "kà!" lásán ni màá gbọ́, ẹ́ńjìnnì ò ní yí, tó bá tún ṣe díẹ̀ á dáhùn bíi pé kò sóun tó ṣe é. Gbogbo ẹni tó rí i ló ń pariwo bátìrì, ríwáyà àdúgbò náà fọwọ́ sí i, mo bá ra tuntun. Kò pẹ́ tó tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kíìkì tó ń yí ẹ́ńjìnnì ni nígbà yẹn. Mẹkáníìkì kan ní ká máa fòòlù kàn án, ìyẹn máa ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́ tó bá jẹ́ bírọ́ọ̀ṣì inú ẹ̀ ló ti jẹ, tèmi ò dá a lóhùn.

Àna mi kékeré kan tó ń kọ́ṣẹ́ iná ló gbé mítà wá. Bátìrì 12.6 volt kí ọkọ̀ tó ṣiṣẹ́, ó kún nìyẹn. Nígbà tó stáàtì, 14.1, alternator ń ṣájì bátìrì nìyẹn. Ó wá ní "Bùọ̀dá, tí kò bá dáhùn yẹn, ṣé iná iwájú máa ń dín?" Mo ní rárá o, rekete ló ń tàn. Ó rẹ́rìn-ín. Tó bá jẹ́ bátìrì ló kú, iná yẹn á wọlẹ̀ ni. Ló bá fi ẹnu mítà kan sórí nẹ́gẹ́tíìfù, kì í ṣe hẹ́ẹ̀dì tó di wáyà mú o, orí òjé gan-an, ó fi ìkejì sára ẹ́ńjìnnì, ó ní kí n yí i. Ó lé ní 2 volt! Kò yẹ kó ju ìdajì volt lọ. Wáyà ááàtì (èyí tó ń dá iná padà sí bátìrì) tó lọ sí gíábọ́ọ̀sì ni, rọ́bà òde ẹ̀ ń dán, ẹ bó o báyìí, kọ́pà inú ti di aláwọ̀ ewé, ó ń rún bí iyẹ̀pẹ̀. Iye tá a ra wáyà yẹn ò ṣeé sọ létí ẹni tó mọ iye tí mo ra bátìrì.

*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnáwó. Tèmi, tí mo bá páàkì lálẹ́ ó ti kú kílẹ̀ tó mọ́. Ríwáyà kan tú hẹ́ẹ̀dì bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ọkọ̀ ò kú, ó ní alternator dáa nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbà fún wọn, tẹ́ ẹ bá yọ bátìrì bẹ́ẹ̀ volt lè fò sókè lójijì, ó lè jó dáyóòdù inú alternator tí kì í jẹ́ kí iná padà sẹ́yìn, ó lè jó brain box (kọ̀ǹpútà ọkọ̀) pàápàá. Ẹni tó bá mi yanjú ẹ̀ pa gbogbo nǹkan, ó tilẹ̀kùn, ó tú nẹ́gẹ́tíìfù, ó fi mítà sáàárín, ó ní ká ní sùúrù díẹ̀. Iná tí ọkọ̀ ń mu nígbà tó páàkì kò yẹ kó ju 50 milliamp lọ, tèmi lé ní 400. Ó yọ fíúùsì lọ́kọ̀ọ̀kan, kò wálẹ̀, ìgbà tó tú wáyà tó nípọn lẹ́yìn alternator ló tó já wálẹ̀. Dáyóòdù ló ń jò, á ṣájì lọ́sàn-án, á tún mu ún padà lóru. Mo lọ ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ Ládípọ̀ l'Ékòó lọ ra alternator tòkúnbọ̀, àmọ́ wọ́n dán an wò lójú mi kí n tó sanwó.

*

Tèmi ò le tó tiyín, fan bẹ́líìtì tó ń yí alternator ló dẹ̀. Tí mo bá tan éésì pọ̀ mọ́ iná lálẹ́ á máa ké, iná bátìrì ní dáṣíbọ́ọ̀dù á máa ṣẹ́jú, wọ́n fún bẹ́líìtì náà kó le, ó dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n tó sọ̀rọ̀ ááàtì yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wáyà kan náà ló lọ sí bọ́dì àti gíábọ́ọ̀sì ni àbí méjì ni wọ́n? Ọkọ̀ mi ti ń ṣe "kà" látàná.