Mẹ́dà ta ni? Ẹ sọ ìrírí yín lórí mẹ́dà ogun tó dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí

Ọmọ Ẹ̀gbá kọ:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tó ń da ilé wa rú láti ọdún tó kọjá, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá ojú ẹlòmíì ti rí i rí.

Bàbá wa àgbà lọ ogun Hitila. Láti kékeré la ti ń gbọ́ ọ pé Bàbá lọ Bọ́má, orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń pè ní Myanmar báyìí. Bí òjò bá rọ̀ ní Abẹ́òkúta, wọn á ní, "Ṣé èyí náà lẹ ń pè lójò?" Wọn á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn eṣúṣú tó ń wọ inú bàtà, àti bí wọ́n ṣe ń fi iná sìgá jó o kó tó já bọ́ lára èèyàn. Tí wọ́n bá ń fá irùngbọ̀n, orin Háúsá ni wọ́n máa ń kọ, torí Háúsá ló pọ̀ lẹ́nu àwọn ṣọ́jà wa nígbà náà, ọmọ ibi yòówù kí wọ́n jẹ́.

Nígbà tí wọ́n kú, a ṣí àpótí irin wọn. Mẹ́dà mẹ́ta la bá níbẹ̀. Bàbá fúnra wọn ti fi òwú dúdú rán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ara ègé aṣọ kàkí kan, ojú òwú náà wọ́, ó sì nípọn. Ìràwọ̀ onígun mẹ́fà ni méjì, ẹ̀kẹta rí roboto. Wọ́n kọ "The Burma Star" sí àárín ìràwọ̀ kan. Rìbọ́ọ̀nù rẹ̀ ò tíì ṣí: pupa láàárín, búlúù tó dúdú lọ́tùn-ún lósì, ìlà aláwọ̀ ọsàn sì gba àárín búlúù kọ̀ọ̀kan kọjá.

À ń wá oní-férémù lọ́wọ́ ni àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá dé láti Ìbàdàn. Wọ́n ní ìràwọ̀ Bọ́má yẹn, ti bàbá tiwọn ni. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ló jọ wọṣẹ́ ṣọ́jà lóòótọ́. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n ló dé Bọ́má, Íńdíà ni àbúrò dúró sí. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n kú ni mẹ́dà rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Bàbá wa. Bọ̀ọ̀dá mi yarí. Wọ́n ní, "Ṣé Bàbá wa wá ń purọ́ fún wa láti bí àádọ́ta ọdún ni?" A yí mẹ́dà náà síwá sẹ́yìn, à ń wá orúkọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́ bí àwo.

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò kọ orúkọ ṣọ́jà sára ìràwọ̀ ogun Hitila tí wọ́n fún àwọn tiwọn àti àwọn tiwa. Ti ogun Késà tó ṣáájú rẹ̀, orúkọ wà lára rẹ̀. Tiwa yìí, ẹni tó bá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ni ín lójú ayé.

Ìyá Ìbejì, London kọ:

Ẹ pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Mo ti sá eré yìí rí nítorí bàbá tó bí mi. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ariwo bò yín mọ́lẹ̀, ìwé ni kẹ́ ẹ wá. Ìràwọ̀ Bọ́má, láti 11 oṣù Kejìlá 1941 dé 2 oṣù Kẹsàn-án 1945 ni wọ́n ń kà fún un. Ẹsẹ̀ ṣọ́jà gbọ́dọ̀ ti tẹ ilẹ̀ Bọ́má gan-an, àfi àwọn apá kan ní Bengal àti Assam tí wọ́n kà mọ́ ọn. Íńdíà yòókù, ẹni tó bá lo ọdún méjì níbẹ̀ pàápàá, kò kàn án.

Ẹ gbọ́ tèmi. Èbúté Èkó ni bàbá mi ti fi ìbọn ṣọ́ ọkọ̀ ojú omi títí ogun fi parí. Wọ́n gbọ́ pé mẹ́dà kan wà tó ń jẹ́ Africa Star, wọ́n ní dandan, tiwọn nìyẹn. Mo gba fọ́ọ̀mù, mo kọ ọ́, mo fi ránṣẹ́. Èsì dé: Africa Star wà fún àwọn tó jagun ní Àríwá Áfíríkà, Ẹtiópíà, Ẹrítíríà àti Sòmálíà, láàárín 10 oṣù Kẹfà 1940 sí 12 oṣù Karùn-ún 1943. Ẹni tó ṣiṣẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà kò sí nínú rẹ̀. Mo kà á fún wọn lórí fóònù. Wọ́n dákẹ́ títí tí mo fi rò pé káàdì ti tán. Wọ́n wá ní, "Ṣé Èkó kì í ṣe Áfíríkà ni?"

War Medal ni wọ́n rí gbà, èyí roboto yẹn, torí ẹni tó bá ti ṣe ṣọ́jà fún ọjọ́ 28 ló tọ́ sí. Ẹ wo ẹ̀yìn tiyín dáadáa, ẹ ó rí kìnnìún tó dúró lé dírágónì olórí méjì. Inú páálí tó bá dé ni bàbá mi fi í sí. Wọn ò wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Ṣọ́jà Fẹ̀yìntì kọ:

Màmá, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ yín pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì dùn mí.

Èmi ò lọ Bọ́má, ṣùgbọ́n Bọ́má la gbé sùn. Mo lo ọdún mẹ́ta ní Arakan Barracks ní Àpápá kí n tó mọ̀ pé orúkọ ibì kan ní Bọ́má ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni Dodan ní Ìkòyí, bẹ́ẹ̀ ni Letmauk ní Ìbàdàn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọlọ́kadà tó ń kọjá níwájú wọn, kò mọ̀.

Tèmi rèé. Oṣù Kẹjọ 2003, àwa ọmọ Nàìjíríà la kọ́kọ́ wọ Làìbéríà, lábẹ́ ECOWAS. 4 oṣù náà ni mo balẹ̀. Ìbọn ṣì ń dún nínú ìlú, ebi ti hán àwọn èèyàn, àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ wa. Nígbà tó di 1 oṣù Kẹwàá, ọjọ́ òmìnira wa gan-an, UN gba iṣẹ́ náà. Wọ́n fún wa ní fìlà búlúù. Ilẹ̀ kan náà, ìbọn kan náà, ẹ̀wà kan náà.

20 oṣù Kejìlá, wọ́n ní kí n máa bọ̀ nílé fún kọ́ọ̀sì. Mẹ́dà UN, ọjọ́ 90 ni. Akọ̀wé ṣí ìwé, ó kà á fún mi: láti ọjọ́ tí mo dé fìlà búlúù, ọjọ́ 81. Mo ní ọjọ́ 139 ni mo lò ní Làìbéríà. Ó ní, "Ọ̀gá, ọjọ́ tó le jù yẹn kọ́ ni wọ́n ń kà." Kò fi mí ṣẹ̀sín o, àánú mi ló ṣe é. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré! Ọmọkùnrin kan tó dé ní oṣù Kọkànlá, tí kò gbọ́ ìró ìbọn kan, gba tiẹ̀.

Ará Kétu kọ:

Lọ́dọ̀ tiwa lábẹ́ Faransé, ọjọ́ 90 náà ni. Bàbá bàbá mi ní láti fi hàn pé òun lo ọjọ́ 90 nínú ẹgbẹ́ tó ń jagun kí wọ́n tó lè fún un ní káàdì àwọn tó jagun. Láìsí káàdì yẹn, kò lè wọ mẹ́dà àgbélébùú tó bá a rìn, kò sì lè gba owó rẹ̀. Ó rí káàdì gbà. Ṣùgbọ́n òfin 1959 so owó àwọn ọmọ Áfíríkà rọ̀ sójú kan, tí ti àwọn Faransé ń gòkè. 2007 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í san iye kan náà. Bàbá ti kú tipẹ́. Káàdì náà wà lọ́wọ́ mi, fọ́tò orí rẹ̀ ti ń pa rẹ́.

Ọmọ Ẹ̀gbá kọ:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Màmá, mo wo ẹ̀yìn roboto yẹn, kìnnìún wà níbẹ̀.

A rí ìwé. Inú Bíbélì Bàbá ló wà, ìwé pélébé kan tí nọ́ńbà wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NA. Wọ́n wọ ọkọ̀ ní Èkó ní 1945, wọ́n sọ̀ ní Bombay ní Íńdíà, wọ́n padà sí Èkó ní 1946. Kò sí Bọ́má níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí Bengal. Mo rò ó títí. Ẹnu gbogbo ìlú nígbà náà, ẹni tó bá ti bá ọkọ̀ yẹn lọ, Bọ́má ló lọ. Bàbá kò purọ́. Eṣúṣú sì wà ní Íńdíà.

Àwọn ará Ìbàdàn padà wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Bọ̀ọ̀dá mi ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n gbé e sílẹ̀, wọ́n jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Èmi ni mo mú abẹ. Òwú náà le ju bí mo ṣe rò lọ, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Bàbá fi rán an lórí ara wọn, mo ń gé e díẹ̀díẹ̀ kí n má baà ba rìbọ́ọ̀nù jẹ́. Ìràwọ̀ náà já bọ́ sórí tábìlì. Ègé aṣọ kàkí náà ṣì wà lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú méjì tó kù, ihò abẹ́rẹ́ sì tò lọ ní àárín wọn.