Ta ló ti ṣe iṣẹ́ abẹ ọ̀nà omijé láti inú imú rí?

Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìrànlọ́wọ́ yín. Ojú òsì màmá mi, ẹni ọdún 61, ti ń ṣomi láti oṣù 8 sẹ́yìn. Tí wọ́n bá fi ìka tẹ igun ojú náà lẹ́bàá imú, ọyún á yọ. A ti kán oògùn sí i títí, wọ́n ti lo oògùn apakòkòrò. Igun ojú náà á wú, wíwú náà á lọ, á tún padà. Dókítà fọn omi iyọ̀ sínú ihò omijé. Ó yẹ kí màmá tọ́ iyọ̀ wò lọ́nà ọ̀fun, àmọ́ ṣe ni omi náà tú padà sójú. Ọ̀nà ti dí, iṣẹ́ abẹ ló kù: bóyá kí wọ́n la awọ ẹ̀gbẹ́ imú, tàbí kí wọ́n gba inú imú wọlé pẹ̀lú kámẹ́rà tín-ín-rín, kí wọ́n dá ihò sí egungun ibẹ̀ kí omijé lè máa gba ibẹ̀ bọ́ sínú imú. Ti inú imú ni màmá fẹ́. Wọ́n ní ojú àwọn kò nílà láti kékeré, àwọn ò fẹ́ àpá báyìí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe ti inú imú, ṣé wọ́n fi rọ́bà tín-ín-rín tí kì í jẹ́ kí ihò náà dí síbẹ̀, oṣù mélòó ló lò, ṣé omi ojú náà sì dá pátápátá?