Èsì lórí “ìtọ̀dídùn”: “ṣúgà” kọ́ ló jẹ̀bi, “ìtọ̀” ni

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Mo ti ka àbá tí ọ̀kan nínú wa mú wá, pé kí a pa “ìtọ̀ ṣúgà” (“diabetes” ní èdè Gẹ̀ẹ́sì) tì nítorí pé àyálò ni “ṣúgà”, kí a sì máa pe àrùn náà ní “ìtọ̀dídùn”. Láìfepobọyọ̀, n kò fara mọ́ ọn.

“Dídùn” ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bá wí. “Dùn” tí a fi ń sọ pé oyin dùn àti “dùn” tí a fi ń sọ pé egbò ń dùn wá, ohùn ìsàlẹ̀ kan náà ni wọ́n gbé, àpètúnpè wọn kò sì yàtọ̀. Bí ẹ bá kọ “ìtọ̀dídùn” sára ògiri ilé ìwòsàn, ẹni tí ó ń jẹ̀rora bí ó bá ń tọ̀ ni yóò rò pé òun ni wọ́n ń bá wí, àrùn tirẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá.

Ṣùgbọ́n “ìtọ̀” gan-an ni ó jẹ̀bi jù: inú ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí wà, kì í ṣe inú ìtọ̀. Bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kò tíì jẹun láti òru bá ti tó 126 mg/dL (miligíráàmù nínú desilítà ẹ̀jẹ̀ kan), tí àyẹ̀wò mìíràn sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀, àwọn dókítà ti kà á mọ́ àwọn tí àrùn náà ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ kíndìnrín kì í sábà jẹ́ kí ṣúgà bọ́ sínú ìtọ̀ títí yóò fi tó nǹkan bíi 180. Láàárín 126 sí 180 yẹn, kí ni ìtọ̀ fẹ́ fi dùn? Àwọn oògùn bí empagliflozin tilẹ̀ wà báyìí, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti dí kíndìnrín lọ́wọ́ kí ó má baà dá ṣúgà padà sínú ẹ̀jẹ̀, kí ó lè bá ìtọ̀ jáde. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2015, tí ó kó àwọn aláìsàn tí ó lé ní 7,000 mọ́ra, tí wọ́n ní àrùn yìí pẹ̀lú àrùn ọkàn, ikú láti ọ̀dọ̀ àrùn ọkàn dín kù láàárín àwọn tí ó lo empagliflozin. Ìtọ̀ wọn dùn sí i, ara wọn sì ń le sí i. Ṣé orúkọ àrùn ni a ó wá fi pe àmì pé oògùn ń ṣiṣẹ́?

Ẹlòmíràn ní “àtọ̀gbẹ”, orúkọ mìíràn tí a ń pe àrùn yìí, kò ṣeé pè láwùjọ, pé “àtọ̀ ti gbẹ” ni ìtumọ̀ rẹ̀, ó sì fi ọgbọ̀n ọdún tí ó ti ń kọ́ni gbè é lẹ́sẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún náà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá ni “àtọ̀” ibẹ̀, “àtọ̀ gbígbẹ” ni à bá máa wí, bí a ti ń wí “orí fífọ́” àti “inú rírun”. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni “à-” yẹn, “tọ̀” àti “gbẹ” sì tẹ̀lé e bí “jẹ” àti “yó” ṣe tẹ̀lé e nínú “àjẹyó”: ẹni náà ń tọ̀, ó ń tọ̀, títí ó fi gbẹ. Ní nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn, Aretaeus, oníṣègùn ará Kapadókíà, kọ ọ́ ní èdè Gíríìkì pé ńṣe ni ẹran ara aláìsàn ń yọ́ bá ìtọ̀ lọ. Àwọn àgbà tí ó sọ ọ́ ní àtọ̀gbẹ kò ka ìwé rẹ̀. Ojú ni wọ́n fi rí i.

Mo gbà pé “gbẹ” kò bá gbogbo ènìyàn mu, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tí oríṣi kejì àrùn yìí (“type 2”) ń ṣe ni ó sanra. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì náà kò tíì bọ́ nínú irú wàhálà bẹ́ẹ̀: ní 2022 ni àwọn onímọ̀ dábàá pé kí a yí orúkọ “diabetes insipidus” padà, àrùn mìíràn tí ń mú ni tọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, tí kò ní ṣúgà nínú rárá, nítorí pé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń ṣì í mú fún èyí tí à ń sọ yìí.

Ní ti ẹni tí ó ń kọ “àtọ̀gbẹ́” pẹ̀lú àmì òkè, tí ó ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn bàbá òun ń pè é, igi àti kòtò ni èmi mọ̀ pé a ń gbẹ́. Kí ó jọ̀wọ́ ṣàlàyé ohun tí aláìsàn ń gbẹ́ fún wa.