Wọ́n ní irọ́ ni mo pa. Ẹ gbà mí o!

Ìyá Tẹmí: Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé ní Ọsirélíà. Oorun kò kun ojú mi mọ́. Ìgbìmọ̀ tó tún ọ̀rọ̀ físà ààbò mi (èyí tí wọ́n ń fún ẹni tó sá fún ewu nílé) gbé yẹ̀ wò ní òpùrọ́ ni mí. Èmi! Kọ̀ǹpútà ni obìnrin yẹn ń wò, kò wojú mi lẹ́ẹ̀kan. Yàrá tutù bíi fíríìjì. Ẹ́jẹ́ǹtì tó gbowó mi kì í gbé fóònù mọ́. Ṣé kóòtù máa fún mi ní físà náà? Pásítọ̀ wa nílé ti kọ lẹ́tà tuntun.

Bọ̀dá Perth: Ẹ pẹ̀lẹ́, màmá. Kóòtù kì í fúnni ní físà. Federal Circuit and Family Court, kóòtù tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí, kò ní wádìí bóyá òótọ́ lẹ sọ, bí ìgbìmọ̀ ṣe lo òfin ni wọ́n máa wò. Bí ìgbìmọ̀ bá ṣi òfin lò, wọ́n á dá a padà kí wọ́n tún un gbọ́. Lẹ́tà pásítọ̀ kò ràn án. Ọjọ́ wo ni ìdájọ́ jáde?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ fi kóòtù sílẹ̀, ẹ kọ̀wé gba físà ààbò òmíràn.

Bọ̀dá Perth: Ẹ má ṣi wọ́n lọ́nà. Section 48A nínú òfin físà Ọsirélíà (Migration Act) kò gbà á, àfi bí mínísítà bá yọ̀ǹda.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ṣé lọ́yà ni yín ni?

Àǹtí Bísí: Ọdún mẹ́ta ni mo fi dúró de adájọ́. Mo pàdánù, wọ́n tún ní kí n san owó lọ́yà ìjọba. Mo ṣì ń san án díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ wo ni ìdájọ́, màmá?

Ìyá Tẹmí: Ẹ má pè mí ní òpùrọ́ o. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n kọ́kọ́ lù. Ògbufọ̀ orí fóònù pè é ní "brother". "Sister" ló wà nínú fọ́ọ̀mù mi, torí obìnrin ni ẹ̀gbọ́n mi! Ni wọ́n bá ní mo yí ọ̀rọ̀ padà.

Ìyá Ìbejì: Ọmọ Igbo ni wọ́n gbé wá túmọ̀ fún tèmi ní ilé ìwòsàn. Wọ́n ṣáà ní ọmọ Nàìjíríà kan náà ni wá.

Bọ̀dá Perth: Màmá! Èyí gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ, ẹ wá ń sọ ti fíríìjì. Bó bá jẹ́ orí ìtumọ̀ òdì yẹn ni wọ́n gbé ìdájọ́ lé, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ béèrè ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ògbufọ̀ tó ní ìwé ẹ̀rí NAATI, àjọ tó ń fún àwọn ògbufọ̀ Ọsirélíà ní ìwé ẹ̀rí, tún un túmọ̀. ỌJỌ́ WO?

Ìyá Tẹmí: 20 oṣù kẹfà ni ẹ́jẹ́ǹtì fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Mo ní títí di 25 oṣù keje.

Bọ̀dá Perth: Èyí tó wà lórí ìdájọ́ fúnra rẹ̀ ńkọ́?

Ìyá Tẹmí: 2 oṣù kẹfà.

Bọ̀dá Perth: Yéè! Ọjọ́ ìdájọ́ ni wọ́n ti ń ka ọjọ́ 35 tí wọ́n fún yín láti gbé e lọ sí kóòtù, kì í ṣe ọjọ́ tẹ́ ẹ rí i. Mọ́ńdè yìí ló pé! Bó bá kọjá, adájọ́ lẹ máa bẹ̀ kó fi ọjọ́ kún un, ó sì lè kọ̀. Ẹ fi ìwé ẹjọ́ yín ránṣẹ́ sí kóòtù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú ìwé ìbúra. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dín owó kóòtù kù. Ohùn yẹn lè tẹ̀lé e.

Ìyá Tẹmí: Fóònù mi ti fọ́ lójú, ilé ìkàwé sì ti pa. Ta ló wà nítòsí Dandenong?

Àǹtí Bísí: Mo wà ní Noble Park. Ẹ mú ìdájọ́ yẹn dání, gbogbo ojú ewé rẹ̀. Mò ń bọ̀ wá gbé yín.