Ẹja kékeré àti kíndìnrín bàbá mi

Ọmọ Kàbbà: Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé. Kíndìnrín bàbá mi ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ la ń gbé wọn lọ Lọ́kọ́jà láti fọ ẹ̀jẹ̀. Àbúrò mi ní ẹja làwọn onímọ̀ fi ń kọ́ nípa àìsàn yìí. Kí ló pa ẹja àti èèyàn pọ̀?

Olùkọ́ Ìyàrà: Ọ̀kun, àbúrò. Ọlọ́run á gbé bàbá dìde. Zebrafish lorúkọ ẹja náà, kò gùn ju ìka lọ. Ọmọ rẹ̀ mọ́ gaara, ẹ ó rí inú rẹ̀ láìla á. Asẹ́ méjì péré ni kíndìnrín àkọ́kọ́ rẹ̀ ní. Tiwa tó bíi mílíọ̀nù kan nínú ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, irú sẹ́ẹ̀lì kan náà ló ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, ti ẹja sì ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní nǹkan bíi wákàtí 48 lẹ́yìn tí àtọ̀ bá pàdé ẹyin. Bí asẹ́ náà bá bàjẹ́, ara ọmọ ẹja á wú, bí ẹsẹ̀ bàbá ṣe ń wú.

Ìyá Mọ̀pà: Ṣé ìwòsàn ti jáde níbẹ̀?

Olùkọ́ Ìyàrà: Rárá, mà. Ṣùgbọ́n bí kíndìnrín àgbà zebrafish bá fara pa, ó ń hu asẹ́ tuntun! Tiwa kì í hu òmíràn lẹ́yìn ìbí. Àṣírí yẹn gan-an ni wọ́n ń wá.

Ọmọ Kàbbà: Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Màá kà á fún bàbá lọ́nà Lọ́kọ́jà lọ́la.