Dókítà ẹranko tó ń wá sílé
Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ìlarè ní Ilé-Ifẹ̀ ni à ń gbé pẹ̀lú ajá kan àti ológbò. Àsìkò abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi tí ajá náà ń gbà lọ́dọọdún ti tó, ṣùgbọ́n ọlọ́kadà kankan kò fẹ́ gbé e. Mo ti rò ó pé kí n ra abẹ́rẹ́ náà kí ẹni tó ń tọ́jú adìyẹ ládùúgbò gún un, àmọ́ ọkàn mi kò gbà á, nítorí inú òtútù ni oògùn yìí gbọ́dọ̀ wà títí wọn yóò fi lò ó. Dókítà ẹranko kan ti gbà láti máa wá sílé. Owó rẹ̀ ga díẹ̀, èyí kò sì burú lójú mi. Kí ni kí n yẹ̀ wò lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan wọn? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú.